Mọ́sà fún Èrò Ojú Ọ̀run

Ní Ìkọ̀tún, tí ẹ bá bèèrè Yésúfù, wọ́n á bi yín pé Yésúfù wo. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní Yésúfù Rọ́ṣíà, ọmọdé tí kò tíì mọ ojúlé wọn dáadáa á mú yín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa. Ọkọ mi ò dé Rọ́ṣíà rí o. Ibi tó jìnnà jù tó dé láyé ẹ̀ ni Jọ́ọ̀sì, ọmọ ọdún méje ló sì wà nígbà náà, inú lọ́rì bàbá ẹ̀ ló jókòó sí. Rádíò ló ń tún ṣe. Rádíò, tẹlifíṣọ̀n, àti ohunkóhun tó bá ti ń sọ̀rọ̀ tí kò lẹ́nu.

Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó". Tá a bá jọ wà, "ẹ" ni mo máa ń sọ fún un, mo sì máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, ilé ire ni wọ́n ti mú mi wá. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń ròyìn ẹ̀, "ó" ló máa ń bọ́ sí mi lẹ́nu. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fọ aṣọ ẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó lọ fọ tọkọ tiẹ̀.

Mọ̀dínátù lorúkọ mi. Télọ̀ ni mí, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni mò ń rán. Ògbómọ̀ṣọ́ làwa méjèèjì ti wá. Nígbà tá a dé Ìkọ̀tún, igbó ṣì pọ̀ lọ́nà Ìgàndó, èèyàn lè rìn títí kó má rí ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ lọ wò ó báyìí. Ilé wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Tó bá wúkọ́ níbẹ̀, mo máa gbọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Tí mo bá sì ń dín àlùbọ́sà ọbẹ̀, á ti mọ ohun tó máa jẹ lọ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà yìí, ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù kejì ọdún yẹn ni ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run nígbà tó ń bọ̀ wálé, àwọn méje tó wà nínú ẹ̀ sì kú. Orí rádíò ló ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò lè jẹun. Mo ní, "Ẹ̀yin náà ẹ̀, ṣé ẹbí yín ni wọ́n ni?" Látìgbà yẹn, fún ìgbà pípẹ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ará Rọ́ṣíà, tí wọ́n ń pè ní Sóyúsì, nìkan ló kù tó ń gbé èèyàn lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí gbalasa òfuurufú lọ́hùn-ún.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, ó wọlé wá bá mi, ojú ẹ̀ rí bákan. Ó ní, "Mọ̀dí, àwọn méjì kan ń lọ sókè ní Sátidé. Jọ̀ọ́, bá mi dín mọ́sà."

Mo ní, "Mọ́sà fún òyìnbó? Òyìnbó tí ẹ ò mọ̀ rí?"

Ó ní, "Ṣé dìgbà tí èèyàn bá mọ èrò ọkọ̀ kó tó bá a ṣe àmín ni?"

Mo mọ ibi tọ́rọ̀ ọ̀hún ti wá, ìyẹn ni mi ò fi bá a jà. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá ẹ̀, tòmátì àti ànàmọ́ ló máa ń kó wá láti Jọ́ọ̀sì. Gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbéra, ìyá ọkọ mi á dín mọ́sà, á fi ṣe sàárà fún àwọn ọmọ kéú, àwọn ọmọ á ké "àmín", ọkọ̀ á sì gbéra. Lọ́jọ́ kan, àwọn méjèèjì ní gbólóhùn asọ̀. Màmá fi ìbínú ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, kò dín nǹkan kan. Lọ́rì náà dojú dé nítòsí Jẹ́bà. Bàbá ò délé mọ́.

Àwọn ẹbí bàbá ò fẹ̀sùn kan ọ̀nà, wọn ò fẹ̀sùn kan bíréèkì. Orí màmá ni wọ́n di gbogbo ẹ̀ lé. "Mọ́sà tó o kọ̀ tí o ò dín ló pa á." Títí màmá fi kú, tí ìjà bá ti bẹ́ sílẹ̀ nínú agbo ilé, ọ̀rọ̀ mọ́sà yẹn ni wọ́n máa fi gbá a lẹ́nu. Ọkọ mi sọ fún mi pé òun máa ń rí i tó ń bọ́ sẹ́yìn ilé lọ sunkún, tó máa ń ki ìborùn bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́. Ọ̀sẹ̀ tá a ṣègbéyàwó ló sọ ọ́ fún mi, kò sì tún un sọ mọ́.

Nítorí náà, mo dín mọ́sà. Àwọn méjì yẹn lọ, wọ́n sì dé láyọ̀. Ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nínú: "Méjì lọ. Méjì dé." Bó ṣe di nǹkan tá a ń ṣe nìyẹn. Mo ti dín mọ́sà tó àádọ́ta ìgbà fún àwọn tí mi ò lè pe orúkọ wọn. Tí wọ́n bá gbéra, á kọ "Mẹ́ta lọ". Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ lóṣù márùn-ún, mẹ́fà sígbà náà, á kọ "Mẹ́ta dé" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, á wá mí kanlẹ̀.

Ayé ìgbà yẹn dùn o. Rádíò àtijọ́ kan báyìí ló ń lò, ó so wáyà ẹ̀ mọ́ igi máńgòrò. Tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti ń dún, rádíò náà á kàn máa hó ṣùrùrù ni. Ẹ wo ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àwọn èèyàn kan fẹ́ gbéra." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì pa á. Wọ́n mọ̀ pé mọ́sà ń bọ̀. Àdúgbò á pa lọ́lọ́, a ó wá máa gbọ́ òyìnbó kan tó ń kà á sẹ́yìn. Mi ò gbọ́ òyìnbó ọ̀hún dáadáa, ṣùgbọ́n àyà mi náà á máa lù kìkì.

Ẹnìkejì ẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀ ni Zacchaeus, káfíńtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa. Aládùúrà paraku ni. Tí Zacchaeus bá ti wọ sùtánà funfun ẹ̀, kò ní wọ bàtà, ì báà jẹ́ orí ọ̀dà tó ń jó bí iná. Ìmàle àti aládùúrà, wọ́n á jókòó ti rádíò kan, ọ̀kan á ní "Bísímílà", èkejì á ní "Jáà Jèhófà". Mo máa ń sọ fún wọn pé bí Ọlọ́run ò bá gbọ́ ti ọ̀kan, á gbọ́ ti ìkejì.

Ní ọdún 2011, àwọn ará Amẹ́ríkà fi rọ́bọ́ọ̀tì kan ránṣẹ́ sókè lọ́hùn-ún. Ó ní orí, ó ní ọwọ́ méjì tó ní ìka, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀. Ọkọ mi sọ ọ́ fún Zacchaeus, Zacchaeus bú sẹ́rìn-ín. "Tí wọn ò fún un lẹ́sẹ̀, báwo ló ṣe máa sá tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí ẹsẹ̀ yẹn. Kò tíì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí Fàthíà, ọmọ wa kan ṣoṣo, ra fóònù tó ń gbé fídíò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bàbá ẹ̀ fojú ara ẹ̀ rí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń gbéra ní pápá Bàíkónú, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ pé iná ẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọdún yẹn, etí lásán ló fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ṣe fún yín.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 2018. Àwọn méjì ló fẹ́ lọ, ará Rọ́ṣíà kan àti ará Amẹ́ríkà kan. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti fi tẹ̀ lórí yunifọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn ń ro mí bíi pé wọ́n fi igi gún un. Mi ò fojú kan oorun mọ́jú. Nígbà tó di òwúrọ̀, ọkọ mi yọjú sí mi. Ó bi mí bóyá mo ti po ìyẹ̀fun. Kò bi mí bóyá mo sùn. Inú bí mi! Mo sọ lọ́kàn mi pé ó dáa náà, ẹni tó mọ̀ bí ìdí òyìnbó ṣe ń gbóná lórí àga rọ́kẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ pé ẹ̀yìn ń pa ìyàwó ẹ̀ kú lọ. Mo po ìyẹ̀fun lóòótọ́. Mo wá gbé e kalẹ̀, mo fi àwo dé e, mo jókòó tì í, mo ká apá gbera.

Ó kígbe láti ṣọ́ọ̀bù, "Mọ̀dí, ó ti parí?"

Mo ní, "Ó ti parí. Mo ti pín in fún àwọn ọmọ kéú."

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ díẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo gbọ́ tí Fàthíà ké, "Bàbá, ó ti bàjẹ́!" Mi ò mọ bí mo ṣe dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ń fi àwọn méjèèjì hàn lórí fóònù, ara wọn ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ìjókòó, lẹ́yìn náà àwòrán lọ. Zacchaeus ti wà lórí eékún. Ọkọ mi gbé ojú sókè, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì gbé ojú kúrò.

Ìṣẹ́jú tá a fi dúró, mi ò lè ka iye ẹ̀ fún yín. Ojú Jẹ́bà ni mo ń rí. Mo ń rí ìyá ọkọ mi tó ki ìborùn bọ ẹnu. Mo ní, èmi náà ti di òun. Nígbà tó yá ni wọ́n sọ ọ́ pé yàrá tí wọ́n jókòó sí lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ti já ara ẹ̀ gbà, pé pàráṣúùtì gbé e sọ̀ kalẹ̀ sínú pápá, àwọn méjèèjì sì wà láàyè, ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Àlùhámúdùlílà! Ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì. "Méjì lọ. Méjì dé." Ọjọ́ kan náà. Èmi sáré padà sẹ́yìn ilé, mo da ìyẹ̀fun yẹn sínú gọ́tà, mo fi omi ṣàn án lọ.

Oṣù mẹ́wàá ni mo fi gbé e sínú. Mi ò lè sọ ọ́, mi ò sì lè gbé e mì. Tí mo bá kí i láàárọ̀, mà á máa wo ojú ẹ̀ bóyá ó ti mọ̀. Tó bá dákẹ́, mà á ní ó ti mọ̀ nìyẹn. Mo mọ ohun tí wọ́n fi ojú màmá ẹ̀ rí, mo sì mọ̀ pé tí òun náà bá fi irú ojú yẹn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ilé yẹn ò ní gbà mí mọ́. Nígbà tí àwọn mìíràn tún fẹ́ lọ nínú oṣù kejìlá, mọ́sà tí mo dín, àwọn ọmọ kéú jẹ ẹ́ yó, wọ́n tún di í lọ sílé.

Ó wá kan ti Fédọ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019, àwọn ará Rọ́ṣíà fẹ́ gbé rọ́bọ́ọ̀tì tiwọn lọ, òun ni wọ́n ń pè ní Fédọ̀. Èyí ní orí, ó ní apá, ó lẹ́sẹ̀ méjèèjì, ó ga tó géńdé ọkùnrin. Èèyàn kankan ò ní bá a lọ. Orí àga ọ̀gá ọkọ̀ ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi àsíá kékeré há a lọ́wọ́. Ọkọ mi ní wọ́n fẹ́ dán rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun wò kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn wọ̀ ọ́.

Ó wá ní, "Mọ̀dí, o lè sinmi lọ́tẹ̀ yìí. Irin ni."

Mo ní, "Mà á dín in."

Zacchaeus ní, "Ìyá Fàthíà, kò sí ẹlẹ́mìí ńbẹ̀. Ta lẹ fẹ́ ṣàdúrà fún?"

Mo ní, "Ṣé ó lórí, àbí kò lórí? Ṣé ó jókòó síbi tí èèyàn ń jókòó sí? Ó ń lọ kí èèyàn má baà kú. Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre!" Wọ́n wo ara wọn. Wọn ò mọ̀ pé kì í ṣe Fédọ̀ ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ìdájí ló gbéra, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti jí dín mọ́sà. Ó lọ geerege. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ Sátidé tó yẹ kó so mọ́ ilé òkè yẹn, kò so. Ó sún mọ́ ọn, ó tún fà sẹ́yìn. Fàthíà kà á sókè lórí fóònù ẹ̀, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo lọ bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù, òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà rádíò kan. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá Fàthíà, ẹ dárí jì mí."

"Kí lo ṣe?"

"Ti ọdún tó kọjá, ti àwọn méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mi ò dín mọ́sà kankan. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ó gbé irin náà kalẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Ògiri kan ló là wá láàárín. Ṣé o lè dín mọ́sà kí imú mi má gbọ́ ọ? Nígbà tí mi ò gbọ́ òórùn epo, mo sáré lọ sọ́dọ̀ alákàrà ọ̀nà Ìjẹ̀gún, mo ra àkàrà, mo pín in fún àwọn ọmọ kéú kí ọkọ̀ tó gbéra. Sàárà ò yẹ̀. Ìyẹn ló gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Dìde ńlẹ̀."

Mi ò dìde. Mo ní, "Oṣù mẹ́wàá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, á dọ̀rọ̀. Mo ti gbé nínú ilé tí mọ́sà ti dọ̀rọ̀ rí." Ó fà mí lọ́wọ́ dìde. Ó wá ní, "Ẹ̀yìn tó ń ro ẹ́ nígbà yẹn ńkọ́? Mi ò bi ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Má bínú." Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó sùn, tí oorun gbé mi lọ.

Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi Fédọ̀ pé kò so, pé ẹ̀rọ tó ń fún un ní sígínà nílé òkè yẹn ló ń ṣe ségesège, irú nǹkan tóun ń tún ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó di Túsìdeé, ó so. Nínú oṣù kẹsàn-án, ó padà délé. Ọkọ mi kọ ọ́ sára ìlẹ̀kùn: "Fédọ̀ lọ. Fédọ̀ dé." Inú ẹ̀ dùn, nítorí àwọn mẹ́ta mìíràn ń lọ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù náà, Mùsùlùmí sì ni ọ̀kan nínú wọn, láti ìhà Dùbáì. Ó ní, "Ti ìyẹn, jẹ́ kó pọ̀ o. Mo kàn ń rò ó ni, tó bá fẹ́ kírun lókè lọ́hùn-ún, ibo ló máa kọjú sí?"

Kò dúró gbọ́ èsì ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn ìrun àílà, ó jókòó sórí àga ẹ̀, ó gbé orí lé tábìlì. Zacchaeus rò pé rádíò ló ń dẹtí sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti sin ín.

Ẹ bá mi kà á. Ọjọ́ kẹjọ ẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ tí àwọn mẹ́ta yẹn máa gbéra. Mo dín mọ́sà fún fìdáù ẹ̀ láti òwúrọ̀. Àwọn àfáà wá, wọ́n ṣàdúrà, wọ́n lọ. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, Fàthíà gbé fóònù wá, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmi, wọ́n fẹ́ gbéra." Àwọn ọmọ kéú ṣì wà níbẹ̀, ẹnu wọn ń dán fún epo. Mo ní kí wọ́n tún ṣe àmín kan sí i, wọn ò bi mí pé fún ta ni. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà lọ sókè, ó lọ, ó lọ, kò ní wàhálà kankan. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ "Mẹ́ta lọ" sára ìlẹ̀kùn. Ìkọ̀wé mi ò dáa tó tiẹ̀.

Zacchaeus jókòó nínú sùtánà ẹ̀ lórí àga ọ̀rẹ́ ẹ̀, kò wọ bàtà. Mo gbé abọ́ mọ́sà fún un. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Zacchaeus, mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ọjọ́ tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yin lẹ bá ọkọ mi dúró ti ṣọ́ọ̀bù nígbà tó lọ ra àkàrà."

Ó wò mí. "Àkàrà wo?"

"Àkàrà sàárà. Tó lọ rà lọ́nà Ìjẹ̀gún."

Ó ní, "Ìyá Fàthíà, Yésúfù ò dìde lórí àga yìí lọ́jọ́ yẹn o. Láti aago méje lèmi àti ẹ̀ ti jọ wà níbí. Àti pé alákàrà ọ̀nà Ìjẹ̀gún yẹn, ṣebí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé agbada kaná?"

Ìrọ̀lẹ́ ni lóòótọ́. Èmi náà mọ̀. Èmi tí mo ti ń ra àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀ láti bí ọdún mẹ́wàá, lọ́jọ́ tí ọkọ mi ń sọ ọ́ fún mi, kò wá sí mi lọ́kàn. Kò ra àkàrà kankan. Kò sí sàárà lọ́jọ́ yẹn rárá, àwọn méjì yẹn sì délé láyọ̀. Ó mọ̀, ó sì jókòó síbẹ̀, ó wá irọ́ tó máa jẹ́ kí n rí oorun sùn, ó pa á fún mi, ó tún bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi, kó tó di ẹkún. Mo padà sẹ́yìn ilé. Mo po ìyẹ̀fun tuntun, mo da epo sí agbada. Fàthíà tẹ̀ lé mi, ó ní, "Màmi, ó tó báyìí, àwọn ọmọ ti yó."

Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Mo ní ti ọjọ́ tí mi ò dín yẹn ni mò ń dín yìí.